Àwo Funfun Lábẹ́ Omi

Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí àsìkò pípa alákàsà ń lọ sópin ní Baie Sainte-Marie, àgbègbè àwọn apẹja létí òkun, ni ìdààmú Delphine Saulnier bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn, Màdáámù Surette, rán kíláàsì kò le: bí sátẹ́láìtì bá ti ń kọjá lójú ọ̀run, kí olúkúlùkù fi okùn rọ àwo funfun kan sínú òkun, kí ó wo ibi tí yóò ti pòórá. Bí ewéko wẹ́wẹ́ bá pọ̀ nínú omi, àwo náà kì í jìnnà kí ó tó pòórá. Ohun tí ojú ènìyàn rí ni wọn yóò fi yẹ ohun tí sátẹ́láìtì rí wò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni yóò bá àwọn onímọ̀ òkun wọ ọkọ̀ ní ìlú Halifax.

Mítà mẹ́sàn-án ni Delphine rí àwo tirẹ̀ dé. Mẹ́rin péré ni àwọn yòókù rí, sátẹ́láìtì náà sì ní ewéko kún omi bámúbámú.

"Ṣé ojú ológbò lo ní ni?" Rémi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bi í létí èbúté lọ́jọ́ kejì. "Yáa sọ pé mẹ́rin. Ta ló máa mọ̀?"

"Mẹ́sàn-án ni mo rí."

"Ìwọ nìkan lo wá gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ. Ó dáa, èmi ni wọ́n máa mú lọ sí Halifax."

Ọkàn Delphine dàrú. Bí ẹ̀rọ bá tọ̀nà, kí ni òun rí? Ó wọ inú ọkọ̀ Alcide, bàbá àgbà rẹ̀, tó ń tún ìgèrè ṣe.

"Bàbá, ṣé omi mọ́ lánàá?"

"Ṣé omi ni mò ń wá ni? Alákàsà ni. Fún mi ní awò ojú dúdú mi. Àná lo ti yá a, oòrùn ò jẹ́ kí n ríran."

Delphine fọwọ́ kan orí. Awò náà wà níbẹ̀; òun ló wà lójú rẹ̀ lánàá nígbà tó ń wo àwo. Awò apẹja ni, èyí tó ń pa dídán ojú omi kí a lè rí ìsàlẹ̀. Màdáámù sì ti kìlọ̀ pé ojú lásán ni kí wọ́n fi wò ó.

"Ṣé kí n sọ pé mẹ́rin, Bàbá? Ó lè jẹ́ mẹ́rin lóòótọ́."

"Ṣé o rí mẹ́rin?"

"Rárá."

"Mẹ́sàn-án ńkọ́?"

"Awò yín ló rí i."

Alcide rẹ́rìn-ín. "Awò mi ò lọ sí Halifax o."

Mẹ́sàn-án kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mẹ́rin kì í sì í ṣe tirẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá ń tún ohun tí ẹ̀rọ sọ sọ, kò sí ẹni tí yóò mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣìnà. Ó yé e nígbà náà pé "n kò mọ̀" náà jẹ́ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ lè gba Halifax lọ́wọ́ ẹni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó dúró níwájú Màdáámù Surette.

"Ẹ yọ tèmi kúrò, Mà. Awò dúdú wà lójú mi. N kò mọ ibi tí àwo náà ti pòórá."