Apẹ̀rẹ̀ Ẹyin Àkọ́kọ́ ní Skúvoy

Orí ọkùnrin kan ni ó kọ́kọ́ yọ ní etí àpáta erékùṣù Skúvoy, irun pupa bí idẹ, ìgbẹ́ ẹyẹ ti sọ apá kan rẹ̀ di funfun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkun lómvigi, dúdú lẹ́yìn, funfun láyà, ń pariwo nísàlẹ̀ rẹ̀. Sunniva, tó ń fi ẹyin sínú omi láti mọ èyí tí kò tíì ní ọmọ nínú, bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Okùn ṣì wà ní ìbàdí ọkùnrin náà.

"Mo rò pé ẹyẹ ni wọ́n fà gòkè."

"Heini ni ẹyẹ náà ń jẹ́. Erékùṣù Sandoy ni ó ti fò wá."

Ìgbà kíkó ẹyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí òkun bá gbà, Heini a tukọ̀ wá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sunniva a gé ẹran àgùntàn gbígbẹ fún un, a sì máa wò ó bí ó ṣe ń jẹun.

Billa, ìyá Sunniva, kò lé e. Opó ni. Ara àpáta yẹn ni ọkọ rẹ̀ ti já bọ́, nítorí pé ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ láti òkè gbójú kúrò.

Nígbà tí ẹyin tún dé lọ́dún kejì, Heini ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á gòkè, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin àkọ́kọ́ lé Sunniva lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ní Skúvoy, opó ló ni apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́.

Billa kọjú sí Heini. "O sọ ọmọ mi di opó kó tó di ìyàwó! Má dé ilé mi mọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ni," ni Heini wí.

"Àpáta kì í bi èèyàn bóyá ó mọ̀."

Nírọ̀lẹ́, Heini sọ fún Sunniva pé òun máa fi okùn sílẹ̀, òun á bá ọkọ̀ apẹja lọ sí Iceland.

"Ìwọ tó o kórìíra ẹja pípa?"

"Kí ni kí n ṣe, ìyàwó mi ọ̀la?"

"Sọ̀ kalẹ̀ lọ́la. Èmi ni màá ṣọ́ ọ." Sunniva sì lọ sọ fún ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀, Sunniva dojú bolẹ̀ ní etí àpáta, ojú rẹ̀ lára Heini. Ẹnì kan wá dùbúlẹ̀ tì í.

"Sún síbẹ̀ yẹn," ni Billa wí. "Ojú ẹ ń yọ́ ìfẹ́. Ìyẹn kọ́ là ń fi ṣọ́ ènìyàn."

Billa ṣọ́ Heini títí okùn fi mì lẹ́ẹ̀mejì, àmì pé kí wọ́n fà á gòkè.

"Ẹ fà á!"

Bí Heini ti yọrí, Billa gbá bẹ́líìtì rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ jìnnà sí etí àpáta kó tó tú u sílẹ̀.

"Ọjọ́ yòówù tí o bá sọ̀, èmi ni màá ṣọ́ ọ. Ẹ lọ bá àlùfáà sọ̀rọ̀."

Sunniva di ọwọ́ Heini mú.

"Dá màmá mi lóhùn, ẹyẹ Sandoy."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ ti bẹ́ sókun tán. Ọdún mọ́kànlélógún ni Billa fi ń dùbúlẹ̀ ṣọ́ ọ ní etí àpáta yẹn. Kò gbójú kúrò rí.