Àtẹ́wọ́ Ìyá Sàláhúdéènì

"Arifah, bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí o kà á. Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, wí. "Tí o bá kà á dáadáa, ìwọ ni olórí akẹ́kọ̀ọ́."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ipò yẹn. Mo gba ìwé náà.

Ìrántí Sàláhúdéènì là ń ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tó wọ iṣẹ́ sọ́jà, tó sì kú sójú ogun ní Borno. Àwọn àlejò pàtàkì jókòó síwájú lórí àga tìmùtìmù. Ìyá rẹ̀, aránṣọ kan ní àdúgbò Limawa, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, lórí bẹ́ǹṣì, nínú oòrùn. Yorùbá àti Hausa nìkan ló gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ìwé náà látòkè délẹ̀!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìlà kan péré ni ti Sàláhúdéènì. Gbogbo ìyókù, oríyìn ni fún alága ìjọba ìbílẹ̀ tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ọgbà wa. Bí mo ṣe dárúkọ kànga, àtẹ́wọ́ sọ. Mo gbójú sókè. Ìyá náà ń pàtẹ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ọmọ òun là ń yìn!

Kí ni kànga fẹ́ ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀? Mo ká ìwé náà, mo gba iwájú àwọn àlejò kọjá, mo lọ bá a.

"Mama, don Allah, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kànga ni mò ń kà látàárọ̀. Bùrọ̀dá Sàláhúdéènì, tí wọ́n bá fún wọn ní ìsinmi, wọ́n máa ń wá kọ́ wa ní ìṣirò. Òdo ni mo máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Wallahi, ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni mo fi yege."

"Arifah! Padà síbí!" Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí ló ń pariwo.

Ìyá náà di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi ń kọ́ yín? Kò sọ fún mi rí o. Jọ̀ọ́, tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Uzair, ọmọ kíláàsì wa, ni wọ́n fi ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́. Èmi gé koríko fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi kò kùtà tán, ìyá kan gbà á. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ń ṣèrántí òkú, tó gbàgbé ìyá tó bí i, ara rẹ̀ ló ń yìn. Ẹ má ṣe bá wọn ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.