Ẹni Tó Kó Yàrá Ìgbẹ̀bí Lọ

Yàrá ìgbẹ̀bí ṣófo. Bẹ́ẹ̀dì tí àwọn aboyún ń bímọ lé kò sí níbẹ̀, fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí kò sí níbẹ̀, àní bátìrì sólà tó ń gbé iná fún fíríìjì ọ̀hún ti bá wọn lọ. Àríkẹ́ Oyèkànmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà létí rẹ̀.

"Màmá, a ò rán ẹnikẹ́ni sí yín," ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tún wí nínú fóònù. "A ò ní dókítà kankan tó ń jẹ́ Ṣọlágbadé."

Ohun tó dun Àríkẹ́ jù ni pé ọ̀sán gangan ni wọ́n jà wọ́n lólè, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn fún olè. Ìjọba ìbílẹ̀ ló fẹ́ ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Okokomaiko yìí pa, wọ́n ní àwọn èèyàn kì í wá síbẹ̀ mọ́. Àríkẹ́, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ló kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sára páálí, wọ́n gbé e lọ sí Ìyànà-Ìbà, wọ́n ń ti ilé dé ilé bẹ àwọn aboyún kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mẹ́gáàdì fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ló ń ṣọ́ ilé náà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Àríkẹ́. Níkẹyìn, ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn yóò rán aṣàyẹ̀wò wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ohun èlò bá pé, tí aboyún sì wà, ibẹ̀ á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á tì í. Àwọn obìnrin kọ ọ́ sára páálí wọn pé aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí àwọn aboyún lè wá.

Ìgbà náà ni ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní Dókítà Ṣọlágbadé dé tòun ti káàdì lọ́rùn àti ọkọ̀ akẹ́rù. Nọ́ọ̀sì ti lọ sí ìpàdé ní Ọ̀jọ́. Ọkùnrin náà ní ìjọba ti gbọ́ ẹkún wọn, kí wọ́n jẹ́ kóun kó ògbólógbòó lọ, kóun lè kó tuntun dé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Inú àwọn obìnrin dùn débi pé wọn kò bèèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n bá a gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bá a ti fíríìjì, Àríkẹ́ fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, wọ́n ń kọrin ọpẹ́ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ká bá olè ru ẹrù, ká tún kọrin sìn ín dé títì, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Ní tésàn, Ìsípẹ́kítọ̀ Ògúnjìmí kò tilẹ̀ fi àga lọ Àríkẹ́.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ pe ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i?"

"Rárá, sà."

"Kí ló fún yín?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan, sà. Ọmọ mi fẹ́ bímọ síbẹ̀ ni."

"Tá ò bá rí i mú, ẹ̀yin la máa mú."

Ẹ̀rù bà á dénú egungun, ṣùgbọ́n àtìmọ́lé kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Bùnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀. Oyún tó ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Badagry, níbi tí wọ́n ti ń wá ilé ìwòsàn tí yóò gbà á. Bùnmi yè é. Ọmọ kò yè. Láti ọjọ́ náà ni Àríkẹ́ ti ń jà fún ilé ìwòsàn tí aboyún lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Bó ṣe ń jáde ní tésàn ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ìyá Bùnmi, ẹ ti dé tésàn, àbí?" Ohùn dókítà ayédèrú náà ni, ó tutù pẹ̀lẹ́. "Ẹ lọ jókòó sílé yín. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù yín. Mo sì mọ̀ pé ọmọ yín ò lè sáré báyìí."

Ó pa fóònù. Ọ̀dọ̀ Maimunat, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, tó ń ta ọṣẹ lọ́jà bárékè àwọn sójà, ni Àríkẹ́ gbà lọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ni Àríkẹ́ wí. "Ó ti ń dárúkọ ọmọ mi."

"Ká fi í sílẹ̀, kí Bùnmi wá bímọ síbo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Maimunat mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó ti ya fídíò ọjọ́ ayọ̀ wọn, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà sì hàn kedere. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀: ILÉ LÀBỌ̀ SINMI OKO. Ó gbé àwòrán náà sójú Wasáàpù, ó bèèrè ẹni tó mọ ọkọ̀ náà. Àwọn ìyàwó sójà fi ránṣẹ́ síra wọn, àwọn awakọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹlẹ́ja kan fèsì: ọkọ̀ náà wà nítòsí jẹ́tì Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àríkẹ́ àti Maimunat sáré lọ sọ fún Ògúnjìmí, ó kó ọlọ́pàá, ó sì mú àwọn obìnrin méjèèjì dání kí wọ́n lè dá ọkùnrin náà mọ̀. Wọ́n bá Kazeem, awakọ̀, tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀.

"Ta ló háyà ẹ?"

"Dókítà kan ni, sà. Ó ní ẹrù ìjọba ni."

"Ẹrù dà?"

Kazeem nawọ́ sí ṣítọ́ọ̀ kan. Wọ́n já àgádágodo: bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, bátìrì, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

"Dókítà ńkọ́?"

"Ó wà níbí báyìí, sà. Bó ṣe rí mọ́tò yín ló gba ẹ̀yìn lọ."

Àwọn ọlọ́pàá tú jẹ́tì ká. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, bí Kazeem ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ni wọ́n ń wá, wọn kò sì rí i. Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun kan ń wọ ọkọ̀ lọ gbàdúrà ní ìhà òkun. Ọlọ́pàá méjì gba àárín wọn kọjá, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Àríkẹ́ sí, ilẹ̀ ló sì ń wò. Láàárín ẹsẹ̀ lásán tó dọ̀tí fún ẹrẹ̀, ó rí bàtà dúdú kan tó ń dán. Ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ọmọdé inú ìjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí jí sùtánà wọ̀ nínú ẹrù àwọn olùjọsìn, kò mọ̀ pé ó yẹ kó bọ́ bàtà sílẹ̀.

Ó gbójú sókè, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ pa ikùn ara rẹ̀ bí aboyún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àríkẹ́ fẹ́ yí padà. Ó wá rántí ọmọ tí kò yè nínú mọ́tò, ló bá wọ inú ẹrẹ̀, ó di apá sùtánà náà mú.

"Arákùnrin," ni ó wí, "ẹ bọ́ bàtà yín."

Gbogbo ìjọ yíjú sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti Àríkẹ́ ṣubú, ó fò sí ọkọ̀, bàtà yọ̀ létí ọkọ̀, ó sì dojú bolẹ̀ nínú omi. Ògúnjìmí ló fi kọ́là fà á jáde.

"Kí lorúkọ ẹ gan-an?"

"Tọ́pẹ́ Àdìó, sà."

"Dókítà ni ẹ́?"

"Rárá, sà. Mo máa ń ta ohun èlò ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ti ń retí eléyìí lódìkejì omi."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé aṣàyẹ̀wò ń bọ̀?"

"Àwọn ìyá yẹn ló kọ ọ́ sára páálí wọn, sà."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọkọ̀ Kazeem kan náà ni wọ́n fi kó ẹrù padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kọrin títí bẹ́ẹ̀dì fi wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aṣàyẹ̀wò dé. Nọ́ọ̀sì dúró dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn.

"Mo fẹ́ wo yàrá ìgbẹ̀bí."

"Kò tíì ṣeé wọ̀, sà. Èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì." Nọ́ọ̀sì pa dà wọlé.

Àríkẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì. Kò gbàdúrà mọ́. Àdúrà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Aṣàyẹ̀wò wo aago, ó wo ojú Àríkẹ́. Ó jókòó tì í.

Ọmọ ké nínú yàrá. Àríkẹ́ dìde. Ìyá ọmọ ni kò tíì gbúròó.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Obìnrin ni," ó wí. "Bùnmi ní kẹ́ ẹ bá òun wá ẹ̀kọ gbígbóná."