Oògùn Tí Jimoh Pa Tì

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jimoh télọ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé ní Lafiaji. Bó ṣe ní kí òun gé aṣọ ni àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún un mú, ó tún bọ́.

"Bàbá Àdíját, kí ló ṣe yín?" Afusat ìyàwó rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀.

Jimoh fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹnu náà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Afusat kígbe. Mọ̀núrù, àbúrò Jimoh, sáré dé.

"Wọ́n ti ta ẹ̀gbọ́n mi lọ́fà! Ẹ gbé epo pupa wá, ká rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu."

Afusat ti gbé ìgò epo dé nígbà tí Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́, tí wọ́n jọ ń gbélé, yọ sí wọn.

"Ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu o! Á há wọn lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ lọ pe takisí."

Nílé ìwòsàn, dókítà béèrè bóyá wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Jimoh rí.

"Wọ́n wọ̀n ọ́n," ni Afusat wí. "Àwọn elétò ìlera ìjọba gbé tábìlì kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ CMS, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n fún wọn lóògùn. Nígbà tí orí ò fọ́ Bàbá Àdíját mọ́, wọ́n ní ara àwọn ti yá, wọ́n pa á tì."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, Ìyá. Ara á dà bí ẹni pé ó le, yóò sì máa ba nǹkan jẹ́ nínú. Òun ló fa rọpárọsẹ̀ yìí. Ẹ̀yin náà, ẹ na apá."

"Èmi kẹ̀? Kò sóhun tó ń ṣe mí!"

Ó na apá. Dókítà wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ga. Afusat wo ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Jimoh kò kú. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gé aṣọ mọ́. Mọ̀núrù ló ń gé e; Jimoh á jókòó, á máa wò ó. Láràárọ̀, tọkọtaya náà jọ ń lo oògùn. Afusat ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù. Mọ̀núrù ń ráhùn, ó sì ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má dúró dìgbà tí ara bá ń ro yín. Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Oògùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tàbí tí apá rẹ̀ rọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.