Àwòrán Inú Gbọ̀ngàn Ẹlẹ́mìí

Kò sẹ́ni tó kọ́ Gbọ̀ngàn Ẹlẹ́mìí. Híhù ló hù. Dókítà Ọmọ́tárá ló ṣe irúgbìn rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, tó gbìn ín sórí òkè kan lẹ́yìn Ìmẹ̀sí, tó sì ń bomi rin ín títí ó fi di ilé tó ga kọjá kùrukùru àárọ̀. Ògiri rẹ̀ ń mí bí àyà ọmọ tó sùn. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ lára rẹ̀, débi pé ẹni tó bá wọlé á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí i fún aráyé, Mojírọ̀lá ayàwòrán ni wọ́n yàn pé kó wá ya àwòrán inú rẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀, Adégbìtẹ́, bá a gbé ẹrù.

Adégbìtẹ́ gan-an ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní kámẹ́rà. Ní báyìí, "Ọkọ Mojírọ̀lá" làwọn èèyàn ń pè é. Á rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń gún un lọ́kàn.

"Ẹ má tan iná kámẹ́rà níbí o," Dókítà, tó ti di ìyá àgbà báyìí, kìlọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Tí ilé yìí bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ju tirẹ̀ lọ, á rò pé oòrùn ló ń pe òun. Gbogbo ohun tó ní ló máa fi dá a lóhùn."

Mojírọ̀lá fi sùúrù ya àwòrán àkọ́kọ́. Dókítà wò ó, ojú rẹ̀ tàn.

"Mojírọ̀lá, ọwọ́ ẹ mà dáa o! Bí mo ṣe ń rí ilé yìí gan-an lo ṣe rí i." Ó yíjú sí Adégbìtẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa sún àpótí yẹn kúrò lọ́nà."

Adégbìtẹ́ sún un. Bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe gun òkè lọ wo òrùlé, ó yọ kámẹ́rà tirẹ̀ jáde.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ló sọ fún ara rẹ̀.

Iná náà kọ yẹ̀rì. Gbọ̀ngàn náà mí kanlẹ̀. Lójijì, òdòdó tú jáde lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pupa, aró, àti àwọ̀ mìíràn tí kò lórúkọ, gbogbo wọn ń tàn yanran. Adégbìtẹ́ ń yà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Mojírọ̀lá sáré sọ̀kalẹ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì. "Baba Fìkáyọ̀! Kí lẹ ṣe?"

Dókítà kò pariwo. Ó fi etí lé ògiri, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó lò títí dìgbà àwọn ọmọ-ọmọ wa, ó ti ná an tán," ló wí. "Kò mí mọ́."

Mojírọ̀lá gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó wo àwòrán náà títí.

"Ó dáa," ló sọ níkẹyìn. "Ó dáa ju gbogbo èyí tí mo ti yà láyé mi lọ."

Ọ̀rọ̀ tí Adégbìtẹ́ ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mojírọ̀lá dá kámẹ́rà padà fún un, ó di ìyá àgbà náà lọ́wọ́ mú, wọ́n rọra jáde. Ó ku Adégbìtẹ́ nìkan nínú òkùnkùn, ó ń retí kí inú òun dùn.