Ẹni Tó Pe Ara Rẹ̀ Ní Ẹ̀gbọ́n Ẹyinjú

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan ló tú àṣírí náà. Ẹyinjú gbé áyọ́ọ̀nù lé e, fóònù rẹ̀ dún, ojú ọmọ sáré lọ síbẹ̀. Nígbà tí imú ìyá rẹ̀ yóò fi gbọ́ òórùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ṣẹ́ẹ̀tì.

"Yéè! Ṣé fóònù lò ń lọ̀ ni àbí aṣọ?"

Màmá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá yìí, ẹnu rẹ̀ sì mú, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èébú bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé omi ti lé ròrò síbẹ̀.

"Kí ló dé? Nítorí ṣẹ́ẹ̀tì? Èmi ni mo máa bẹ ẹni tó ni ín, kì í ṣe ìwọ."

"Kì í ṣe ti ṣẹ́ẹ̀tì, Màmi." Ọmọ náà ò gbójú sókè. "Mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi."

Kò sí irọ́ láàárín àwọn méjèèjì rí. Ọmọ ọdún méjì ni Ẹyinjú nígbà tí Màmá gbà á ṣọmọ lọ́wọ́ àjọ tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò lóbìí. Láti kékeré ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí ìdílé mìíràn gbà. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Àmọ́ kéèyàn mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ yàtọ̀ sí kí nǹkan ọ̀hún kanlẹ̀kùn.

"O rí i níbo?"

Ni ọmọ bá tú pẹrẹpẹ́rẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ti gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí ayélujára. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń wá ẹ̀gbọ́n òun, pé inú ilé àjọ làwọn jọ wà kí wọ́n tó pín àwọn níyà, àti pé àpá iná wà ní ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n náà. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkùnrin kan fi dáhùn pé òun gan-an nìyẹn. Ó fi àwòrán ọwọ́ òsì ránṣẹ́. Àpá wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ó ní ká pàdé lọ́la nílé ọ̀rẹ́ òun. Ó ní kí n dá wá, kí n má sọ fún yín, torí pé ẹ ò ní gbà."

Màmá yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níná. Ó rọra fa ọmọ náà mọ́ra.

"Jẹ́ kí n bi ẹ́. Tí oníbàárà bá wọlé pé òun ò rí aṣọ òun, ṣé èmi ni mo máa ń sọ fún un pé, 'Ṣé aláwọ̀ ewé yẹn ni, tí àpò ẹ̀ ya?'"

"Rárá. Òun ló máa sọ bó ṣe rí."

"Kí nìdí?"

"Torí tí ẹ bá ti sọ ọ́, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa ní tòun ni."

"Ó dáa. Ọkùnrin yìí, kí ló sọ fún ẹ tí kì í ṣe pé ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́?"

Ẹyinjú ronú títí. Kò rí ẹyọ kan. Ẹ sì mọ ọkàn ọmọ tó ti gbára lé nǹkan, kì í fẹ́ gbọ́. Ó já ara rẹ̀ gbà.

"Ẹ kàn ò fẹ́ kí n rí i ni! Ẹ̀rù ń bà yín pé màá fi yín sílẹ̀!"

Ibi tó ń dun Màmá gan-an lọ̀rọ̀ náà bà. Ó jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ẹ́ lẹ̀rù yẹn ti ń bà mí, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan máa dé, tójú ẹ̀ máa jọ tìẹ, tèmi ò sì jọ ọ́. Àmọ́ okùn ọmọ ìyá yi, èmi kọ́ ni mo máa já a. A jọ máa wá a ni."

"Ẹ máa bá mi lọ?"

"Ta ni ì bá tún bá ẹ lọ? Áyọ́ọ̀nù?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà pẹ̀lú omijé lójú.

Wọn ò lọ pàdé ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì àjọ tó fún Màmá lọ́mọ. Òṣìṣẹ́ obìnrin tó gbé Ẹyinjú lé Màmá lọ́wọ́ nígbà náà ṣì wà níbẹ̀. Àǹtí Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é. Ó fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi rojọ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n gidi kò ní ní kó o máa sá fún ìyá ẹ," ló wí. "Àpá wà lára ẹ̀gbọ́n ẹ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ òsì. O kéré nígbà yẹn, o ò lè rántí dáadáa."

Ẹyinjú fọwọ́ bo ẹnu. "Ta ló wá ni ọwọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi?"

"Ẹni tó ka ohun tó o kọ ni. Má pa ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ rẹ́, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá là ń gbé e lọ."

"Àǹtí, níbo wá ni àpá yẹn wà?"

"Mi ò ní sọ. Ẹni tó ni ín ló máa fi hàn ẹ́."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò bá wá bá mi ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀ o!"

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Ọmọ yòówù tí wọ́n bá gbà tọ́ lè wá béèrè. Àjọ ló máa wá ìkejì kàn, wọn ò sì ní sọ ibi tí ẹnikẹ́ni ń gbé àfi tó bá gbà. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò tó ń fi hàn pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

"Nígbà mìíràn, ìkejì lè ní òun ò tíì ṣe tán. Ó máa ń dunni, a ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ tìẹ kọ́ nìyẹn." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti wá síbí. Ó ní tí àbúrò òun bá fi lè wá béèrè, ká sọ fún un pé òun ń dúró dè é."

Ẹyinjú gbórí lé èjìká Màmá, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn tí àyẹ̀wò jáde, ọ́fíìsì yẹn kan náà ni wọ́n ti pàdé. Géńdé káfíńtà kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà nínú irun rẹ̀. Kò lè wọlé.

"Mo rò pé o ṣì máa kéré," ló sọ.

"Ṣé ẹ rò pé mi ò ní dàgbà ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì wọ́n. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè: orúnkún ni àpá wà. Ẹyinjú rọra fọwọ́ kàn án.

Màmá wò wọ́n. Ìrínisí kan náà, iwájú orí kan náà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń yọ́ lọ síta, kó má di wọ́n lọ́wọ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ó máa ń sunkún lóru nígbà yẹn. Èmi ni mo máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ ni mo ti ń bi ara mi pé, ṣé ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń gbọ́?"

"Mo máa ń gbọ́," ni Màmá fèsì.

"Ẹ ṣeun, mà." Ó tẹrí ba, kò sì tètè gbé e sókè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ọmọ ìyá yín, kò sẹ́ni tó lè bá yín wí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó gbogbo àmì ara yín sí gbangba, ẹ má sì dá lọ pàdé ẹni tó ní kẹ́ ẹ má sọ nílé. Àpá tó jọra kò tó ẹ̀rí. Àjọ tó tọ́jú yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń wá ti ń dúró níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí alágbàtọ́, bí ẹ bá dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, àjèjì lọmọ á lọ bá. Ẹ sọ òótọ́ fún un láti kékeré. Bó bá ní òun fẹ́ mọ ẹ̀gbọ́n òun, ìyẹn ò sọ pé ẹ ò tọ́ ọ dáadáa. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ bá a wá a.