Ẹkún Ìyàwó Tí Kò Tọrọ Ìre

Ọjọ́ tí Nàfíù kọ́kọ́ rí Ojúọlápé, ẹkún ìyàwó ni ọmọbìnrin náà ń sun, ó ń sun ún débi pé gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò Aboabo ní Kumasi dákẹ́ láti gbọ́. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Nàfíù fi ki wáyà síbi tí kò yẹ. Sípíkà han bí erin tí agbọ́n ta.

*Wọ́n rí ẹ̀rín mi káàkiri ọ̀nà,*
*Ṣé wọ́n rí ẹní mi tó tutù?*
*Níbẹ̀ ni mo rì.*

"Ẹ gbọ́ ọmọ mi!" Alhaji Sàláúdéènì, bàbá rẹ̀, ń yọ̀. "Kumasi la bí i sí, ó sì mọ ẹkún ìyàwó sun bí ará Ògbómọ̀ṣọ́! Wallahi!"

Lọ́jọ́ Sátidé ni wọn yóò fà á fún ọkọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kò rí rí. Nàfíù, tó ń fi sípíkà háyà fún olóde ní àdúgbò Race Course, wá dán máìkì wò ni. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó ń yí sípíkà po bí adìẹ tó ń wá ibi yé sí. Bí Alhaji ṣe lọ kírun Alásárì, Nàfíù sún mọ́ Ojúọlápé.

"Sisí, ẹkún yín ò pé o."

"Chale, ọ̀rẹ́, wáyà lo mọ̀. Fi ẹkún sílẹ̀ fún ẹlẹ́kún."

"Ẹkún ìyàwó ni ìyá ìyá mi fi ń rẹ̀ mí sùn. Tìẹ gùn níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń kúrú, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Orí òrùlé ni ohùn ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ kànga ló ń parí sí. O kí ìyá, o kí ẹ̀gbọ́n, ó kù díẹ̀ kó o kí ewúrẹ́. Ibi tí ìyàwó ti ń tọrọ ìre lọ́wọ́ bàbá dà?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ojúọlápé. "Tí mo bá tọrọ ẹ̀, mo ti gbà láti lọ nìyẹn. Ẹkún gidi ni mò ń sun. Gbogbo wọ́n rò pé àṣà ni."

"Sọ fún bàbá."

"Ẹnu mi ò gbà á."

"Má sọ nǹkan kan, ìyàwó ẹni tí n ò tíì mọ̀. Tó o bá débi ìre, kàn dákẹ́."

Nígbà tí Alhaji dé, Ojúọlápé tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ó débi ìre, ó dákẹ́. Máìkì gbé ìdákẹ́jẹ́ náà kọjá àdúgbò Sawaba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òṣùpá. Alhaji ti tẹ́wọ́ fún àdúà, ó ń retí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ojúọlápé... o ò fẹ́ lọ?"

Ó mi orí pé òun ò fẹ́.

"Áà. Ìbànújẹ́ ọmọ mi ni mo ń pàtẹ́wọ́ fún."

Alhaji pe Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìgbéyàwó ò sí mọ́. Wọ́n bú u títí fóònù fi gbóná bí ẹ̀kọ mímu.

Látọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Nàfíù ń gbàgbé wáyà kan sílé wọn.

"Nàfíù," Alhaji ní, "wáyà tó o ti gbàgbé síbí lè dé Mẹ́kà. Ta lò ń wá?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìkáà òun àti Nàfíù, Ojúọlápé tún dúró nídìí máìkì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹkún rẹ̀ ò kúrú. "Bàbá mi, ẹ súre fún mi o."

Alhaji la ẹnu, ẹkún ló jáde. Ọkọ ìyàwó sáré lọ síbi sípíkà rẹ̀, ó rọra pa máìkì.